Gìtá Tí Mo Tò Fún Àbúrò Mi

Ní alẹ́ ọjọ́ Sátidé kan, nígbà tí mo ti ń múra àtisùn, àbúrò mi pè mí lórí fóònù láti òde ìnáwó kan nílùú Abẹ́òkúta. Ariwo jẹnẹrétọ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ bo ohùn rẹ̀ mọ́lẹ̀. Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, gìtá tí ẹ ṣe fún mi yìí ń tàbùkù mi o. Tí mo bá wà nísàlẹ̀, ohùn rẹ̀ dáa. Bí mo bá ti gòkè báyìí, ó ti yapa nìyẹn.” Ọ̀gá rẹ̀ ti ní kó gbé gìtá náà sílẹ̀, kó lọ máa lu agogo. Ẹni tó ti ń fi gìtá jẹun láti bí ogún ọdún ni wọ́n gbé agogo lé lọ́wọ́ lójú èrò, iṣẹ́ ọwọ́ mi ló sì fà á.

Bí ọ̀rọ̀ náà ṣe bẹ̀rẹ̀ nìyí. Ọrùn gìtá rẹ̀ àtijọ́ kán nínú ọkọ̀ nígbà tí wọ́n ń ti òde kan bọ̀. Èyí ṣẹlẹ̀ lẹ́yìn oṣù Òkúdù ọdún 2023, tí ìjọba àpapọ̀ fi iye náírà sílẹ̀ kí ọjà fúnra rẹ̀ máa pinnu rẹ̀. Ohun tó ń ti òkè òkun wọlé di ọ̀wọ́n gógó, gìtá kò sì gbẹ́yìn. Owó tí àbúrò mi kó jọ kò tó ra odindi. Èmi tí mo ti ń tú gìtá palẹ̀, tí mo ń tò ó padà láti ìgbà tí mo ti fi iṣẹ́ ìwé ìròyìn sílẹ̀, ni mo ní kó kó owó náà wá, pé n óò ra ẹ̀yà rẹ̀ lọ́kọ̀ọ̀kan, n óò sì tò ó fún un. Owó rẹ̀ ni o, kì í ṣe tèmi.

Ohun tó mú kí irú iṣẹ́ yìí ṣeé ṣe ni ọgbọ́n tí Leo Fender lò ní ìpínlẹ̀ California, Amẹ́ríkà, ní nǹkan bí ọdún 1950. Atún-rédíò-ṣe ni ọkùnrin náà. Kò mọ gìtá ta. Gìtá tó ṣe, súkúrù mẹ́rin ló fi de ọrùn rẹ̀ mọ́ ara, kò fi àtè lẹ̀ ẹ́. Bí ọrùn bá bàjẹ́, a ó tú u, a ó fi òmíràn sí i. Láti ìgbà náà ni gìtá oníná ti di ohun tí a lè tò bí ẹni to kẹ̀kẹ́. Eddie Van Halen ṣe bẹ́ẹ̀ ní àwọn ọdún 1970: ó ra ara gìtá tó ní àbùkù ní 50 dọ́là, ó ra ọrùn ní 80 dọ́là, ó fi pickup gìtá Gibson kan sí i, ayé sì gbọ́ ohùn rẹ̀.

Ohun tí irú ìtàn bẹ́ẹ̀ kì í sọ ni pé súkúrù lè wọlé, kí ọrùn jókòó pẹ́kípẹ́kí sí ààyè rẹ̀, kí gìtá ṣì máa parọ́. Láti egungun funfun kékeré tó wà lẹ́bàá orí gìtá títí dé bridge, gígùn okùn ní ìwọ̀n tí wọ́n ti pinnu kí wọ́n tó to fret kankan sójú ọrùn. Ti Fender sábà máa ń jẹ́ íǹṣì 25 àti ààbọ̀, ìyẹn bíi mìlímítà 648. Ti Gibson sábà máa ń súnmọ́ íǹṣì 24 àti ìdá mẹ́ta nínú mẹ́rin, bíi mìlímítà 628. Fret kejìlá gbọ́dọ̀ bọ́ sí agbedeméjì. Ara gìtá tí mo rà, wọ́n ti lu ihò bridge sí i, fún 648 ni wọ́n sì lu ú. Ọrùn tí mo rà lọ́wọ́ oníṣòwò mìíràn, torí pé ó ń dán, owó rẹ̀ sì fúyẹ́, ti 628 ni. N kò gbé rúlà lé e. Iṣẹ́ ìwé ìròyìn kọ́ mi pé kí n bi ẹni méjì léèrè kí n tó gba ọ̀rọ̀ kan gbọ́. Lọ́jọ́ náà, ojú mi nìkan ni mo bi.

Bridge wá fi bíi mìlímítà 6 jìnnà ju bó ṣe yẹ lọ. Bí ọwọ́ bá ṣe ń gòkè lórí ọrùn ni ohùn ń rẹlẹ̀ sí i. Nílé, èmi kò ta á kọjá fret karùn-ún, nítorí ibẹ̀ ni ìmọ̀ mi mọ. Ṣùgbọ́n nínú orin jùjú, tí gìtá mẹ́ta mẹ́rin ń dá ara wọn lóhùn, bí ọ̀kan bá rẹlẹ̀ díẹ̀, etí ìyá tó ń ta omi lẹ́nu ọ̀nà òde pàápàá yóò mọ̀.

Ní òwúrọ̀ Mọ́ńdè, ó gbé gìtá náà lé orí tábìlì mi, kò sọ̀rọ̀. Gbẹ́nàgbẹ́nà ti ṣe tán, gbẹ́nugbẹ́nu kò tilẹ̀ la ẹnu. Mo tú bridge kúrò, mo fi igi róbótó àti àtè dí àwọn ihò náà, mo fi í sílẹ̀ di ọjọ́ kejì. Mo wá gbé rúlà lé e láti egungun funfun dé fret kejìlá: 314. Mo tún ka 314 láti ibẹ̀ lọ síwájú, mo fi pẹ́ńsù sàmì sí i. Okùn tó tẹ́ẹ́rẹ́ jù lọ kò ní jìnnà sí àmì náà. Àwọn tó nípọn yóò sún sẹ́yìn díẹ̀, ìdí rẹ̀ nìyẹn tí okùn kọ̀ọ̀kan fi ní súkúrù tirẹ̀ lórí bridge. Kí n tó lu ihò tuntun, mo na òwú méjì láti orí gìtá dé ibi tí bridge yóò wà, kí n lè rí i pé okùn ẹ̀gbẹ́ kò ní máa já bọ́ kúrò létí ọrùn. Ìṣẹ́jú márùn-ún ni ti òwú yìí gbà. Ká ní mo ti ṣe é ṣáájú ni!

Nítorí náà, ẹni tó bá fẹ́ to gìtá tirẹ̀, ọrùn ni kó kọ́kọ́ rà, kó wọ̀n ọ́n, kó tó wá ara tó bá a mu. Ibẹ̀ ni kó náwó sí, kì í ṣe ọ̀dà aláràbarà. Ti wáyà kò le púpọ̀ fún ẹni tó bá lè yọ́ òjé bí àwọn atún-rédíò-ṣe. Kókó tí à ń yí láti gbé ohùn sókè sódò, 250 kilo-ohm ló bá pickup ẹlẹ́yọ kan mu, 500 ló bá humbucker mu. Bí a bá ṣì í mú, ohùn yóò dún bí ẹni tó fi aṣọ bo ẹnu, tàbí kó máa gún ni létí. Ẹ má sì gbàgbé wáyà tó ń ti abẹ́ bridge lọ sí ẹ̀yìn kókó náà. Láìsí i, gìtá yóò máa kùn bí oyin.

Ní ti igi, ẹ jẹ́ kí n sọ èyí tó máa ń pa mí lẹ́rìn-ín. Ní ọdún 1958, Gibson fi igi kan tí wọ́n pè ní Korina ṣe gìtá Flying V, owó gọbọi sì ni àwọn olùkójọ ń san lórí rẹ̀ lónìí. Igi afárá ni, èyí tó ń hù nínú igbó tiwa. Gbẹ́nàgbẹ́nà àdúgbò lè gbẹ́ ara gìtá láti inú rẹ̀, bí pákó náà bá ti gbẹ dáadáa. Ọrùn ni n kò ní gbé fún ẹni tí kò ṣe é rí, nítorí ọ̀pá irin tó wà nínú rẹ̀ àti fret tí kò gbọdọ̀ yẹ̀ rárá.

Nígbà tí mo parí, àbúrò mi so ó mọ́ ẹ̀rọ, ó bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀, ó gòkè lọ kọjá fret kejìlá, ó padà, ó tún lọ. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó gbójú sókè.

Ó ní, “Ẹ̀gbọ́n, ó dáa báyìí. Ó wá ku owó òde Abẹ́òkúta tí ọ̀gá yọ lára mi.”

Mo san án.