Santana àti Ìlù Tí Ó Fà Sẹ́yìn

Bí ẹgbẹ́ olórin kan bá yí ohùn padà, àríyànjiyàn kì í tán láàárín àwọn tí ó fẹ́ràn wọn. Àwọn kan yóò ní ojú owó ni wọ́n ń wò. Àwọn mìíràn yóò ní aṣọ ọmọdé kò ṣeé wọ̀ dàgbà. Èmi kò fẹ́ dá ẹjọ́ yìí lókèèrè. Ẹgbẹ́ Santana ti ìlú San Francisco ni mo fẹ́ kí a gbé yẹ̀ wò, nítorí pé ọ̀rọ̀ wọn kan ilé wa ju bí ọ̀pọ̀ nínú ẹ̀yin òǹkàwé ti lè rò lọ.

Carlos Santana, ẹni tí ẹgbẹ́ náà ń jẹ́ orúkọ rẹ̀, ọmọ ilẹ̀ Mẹ́síkò ni. Ìlú Autlán ni wọ́n bí i sí ní ọdún 1947, bàbá rẹ̀ a sì máa ta gòjé òyìnbó. Orin rọ́ọ̀kì ni ẹgbẹ́ rẹ̀ ń kọ, ṣùgbọ́n rọ́ọ̀kì tí àkúbà kún inú rẹ̀ bámúbámú. Nínú àwo wọn àkọ́kọ́, tí ó jáde ní oṣù kẹjọ ọdún 1969, orin kan wà tí wọ́n pè ní “Jingo.” Ọwọ́ ọmọ wa ni orin náà ti wá. Babatunde Olatunji, ọmọ Àjídò ní ẹ̀bá Àgbádárìgì, tí ó bá ti ẹ̀kọ́ ìwé lọ sí Amẹ́ríkà ní ọdún 1950, ni ó fi í sí inú Drums of Passion, àwo tí ilé-iṣẹ́ Columbia gbé jáde ní 1960. Ìlù àti ohùn ènìyàn ni Olatunji gbójú lé. Santana fi jìtá àti dùùrù kún un, ṣùgbọ́n wọn kò lé ìlù kúrò níwájú. (Àkúbà fúnra rẹ̀, ìran àwọn ará Kóńgò tí a kó lẹ́rú lọ sí Kúbà ni a gbọ́dọ̀ dúpẹ́ lọ́wọ́ wọn fún un, kì í ṣe ìran tiwa. Kò yẹ kí a máa na ọwọ́ sí gbogbo ohun tí ó bá ti dùn.)

Ní àpéjọ Woodstock ní ọdún kan náà, wọ́n lu “Soul Sacrifice” fún ogunlọ́gọ̀ ènìyàn tí ọ̀pọ̀ wọn kò tíì gbọ́ orúkọ wọn rí. Kò sí gbólóhùn kan ṣoṣo nínú rẹ̀ tí ẹnikẹ́ni kọ lẹ́nu. Ìlù ni ó sọ gbogbo rẹ̀.

Ní ọdún 1972, Carlos yà sí ọ̀nà jáàsì pẹ̀lú àwo Caravanserai. Clive Davis, ọ̀gá ilé-iṣẹ́ Columbia nígbà náà, kìlọ̀ fún un pé ó fẹ́ fi ọwọ́ ara rẹ̀ pa iṣẹ́ rẹ̀. Gregg Rolie àti Neal Schon kúrò lọ́dọ̀ rẹ̀, wọ́n sì wà lára àwọn tí ó dá ẹgbẹ́ Journey sílẹ̀, ẹgbẹ́ tí òun náà padà di ti orin pọ́ọ̀pù láìpẹ́ ọjọ́. Ayé yìí mà ń yí o!

Nígbà tí ó yá, Davis yìí kan náà, tí ó ti wà ní ilé-iṣẹ́ Arista, ni ó tún gba Carlos mọ́ra. Ohun tí wọ́n fi ẹnu kò sí ni pé kí àwọn akọrin tí ìgbà wọn ṣẹ̀ṣẹ̀ ń dé wá lé orin, kí Carlos máa fi jìtá dá wọn lóhùn. Bí Supernatural ṣe jáde ní oṣù kẹfà ọdún 1999 nìyẹn. “Smooth,” tí Rob Thomas lé, wà ní ipò kìíní ní Amẹ́ríkà fún ọ̀sẹ̀ 12. “Maria Maria” wà níbẹ̀ fún ọ̀sẹ̀ 10 ní ọdún 2000. Àwo náà gba ẹ̀bùn Grammy mẹ́sàn-án, ó sì tà ju mílíọ̀nù 15 lọ ní Amẹ́ríkà nìkan. Baálé ilé ẹni ọdún 52 ni Carlos nígbà tí “Smooth” gòkè.

Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kan, tí àwo 1969 náà ṣì wà lọ́wọ́ rẹ̀ títí di òní, kì í fẹ́ gbọ́ orúkọ Supernatural sétí. Ó ní, “Wọ́n ti sọ ìlù di ọmọ ọ̀dọ̀.” Mo ní, “Bàbá, ṣebí ọmọ ọ̀dọ̀ náà ni ó ń se oúnjẹ tí gbogbo ilé ń jẹ?” Ó rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò gbà fún mi.

Mo ti gbọ́ àwo náà ní àgbọ́túngbọ́. Nínú “Smooth,” àkúbà kò sinmi láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin, ṣùgbọ́n ẹnikẹ́ni kò fún un láyè kí ó dá sọ̀rọ̀. Jìtá ni ó gba iṣẹ́ ìyá ìlù: bí akọrin bá ti mú ẹnu kúrò, jìtá a gbà á, a sì fi tirẹ̀ lé e. Ìyẹn dùn mọ́ mi púpọ̀. “Maria Maria” ni kò tẹ́ mi lọ́rùn, nítorí pé ìlù inú rẹ̀ ń yí po lójú kan bí ọlọ. Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá gbọ́ “(Da Le) Yaleo,” orin tí ó ṣíwájú gbogbo wọn, kò ní sọ pé ìlù ti kú. Ohun tí mo rí pé ó sọnù ni sùúrù. Ní 1969, àwọn onílù wọ̀nyí kò bẹ̀rù pé ẹni tí ń gbọ́ wọn yóò dìde lọ.

Síbẹ̀, n kò lè bá ẹ̀gbọ́n bàbá mi sọ pé ọjà ni ó ba orin jẹ́. Ọjà Amẹ́ríkà ni Olatunji náà ń kọjú sí ní 1960. Bí kò bá ṣe ọjà náà ni, báwo ni ọmọ Mẹ́síkò kan ì bá ṣe gbọ́ ohùn ọmọ Àjídò?

Ọ̀rọ̀ yìí kì í ṣe eré lójú mi. Àkúbà ni mo ń lù nínú ẹgbẹ́ olórin kékeré kan tí àwa akẹ́kọ̀ọ́ mẹ́fà dá sílẹ̀, a sì fẹ́ gba orin wa àkọ́kọ́ sílẹ̀. Ẹni tí ń lé orin fún wa ní ìṣẹ́jú mẹ́ta péré ni kí ó jẹ́, kí a sì yọ ibi tí ìlù ti ń dá sọ̀rọ̀ kúrò, nítorí pé ibẹ̀ ni àwọn ènìyàn ti máa ń wo fóònù wọn. Irọ́ kọ́ ni ó ń pa. Èmi náà ti rí wọn láti ìdí ìlù. Ìṣẹ́jú kan ààbọ̀ ni mo bẹ̀ fún. Ó ti gbà fún mi ní ogójì ìṣẹ́jú-àáyá. A ó tún jókòó lé e lórí ní ọjọ́ Ẹtì.