Ẹ̀yìn káàdì



Ẹ̀gbọ́n bàbá mi kì í ti ìrìn àjò dé sí Kika láìmú carte postale bọ̀: Ganvié orí omi, ààfin Abomey, Àjàṣẹ́. Àwòrán wà níwájú; ẹ̀yìn ni wọ́n máa ń kọ ọjọ́ tí wọ́n débẹ̀ sí, àti orúkọ ẹni tí wọ́n jọ lọ. Nígbà tí wọ́n kú, èmi ni ẹbí kó gbogbo rẹ̀ fún.

Mo bá fi gọ́ọ̀mù lẹ̀ ẹ́ mọ́ ògiri kíláàsì. Ẹ wo ìwà òmùgọ̀! Òjò jò wọlé lọ́dún kan, mo ní kí n tètè ṣí i, ẹ̀yìn káàdì kù sára ògiri.

Edmond Fortier, onífọ́tò ọmọ Faransé tó kú sí Dakar ní 1928, tẹ ọ̀pọ̀ irú káàdì bẹ́ẹ̀ nígbà tí ilẹ̀ wa ṣì ń jẹ́ Dahomey. Mo wo díẹ̀ lórí fóònù: orúkọ ìlú wà lábẹ́ àwòrán, ti obìnrin tó dúró níbẹ̀ kò sí. Ti ẹ̀gbọ́n bàbá mi ní orúkọ. Èmi ni mo fi gọ́ọ̀mù pa á rẹ́.

Mẹ́fà ló kù. Mo há a sórí okùn bí ẹni sá aṣọ, kó lè yí síwá sẹ́yìn. Lọ́sẹ̀ tó kọjá ọmọ kan ka orúkọ kan lẹ́yìn ti Ganvié, ó ní, "Maître, ta nìyí?" Mi ò mọ̀. Mo ní kó bi bàbá rẹ̀ àgbà wò.