Páálí Bàtà Márùn-ún àti Èdè Jàpáànù

 

Ó ti pẹ́ tí ẹ ti ń rí wa tí a ń yẹ páálí pélébé-pélébé wò lórí ìlà omi, nínú bọ́ọ̀sì, àní níbi tí a ti ń dúró de olùkọ́ tí kò ní í wá. Ẹ ti bi wá léèrè títí. Ẹ ní kí ni àwa mẹ́rin fẹ́ fi èdè Jàpáànù ṣe? Ẹ ní ṣé a ti gbọ́ Haúsá tán ni? Àwọn kan tilẹ̀ ní ẹgbẹ́ òkùnkùn ni. Ìdáhùn wa nìyí, kí ẹnu ó lè sinmi.

Ọ̀kan nínú wa ń kọ́ iṣẹ́ ẹ̀rọ, ó sì ń fojú sọ́nà fún ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ ìjọba Jàpáànù. Ọ̀kan fẹ́ràn eré àwòrán wọn débi pé ó lè fi oúnjẹ sílẹ̀ nítorí rẹ̀. Ẹnì kẹta ń kọ́ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè. Ẹnì kẹrin ní òun kò lè máa gbé yàrá kan náà pẹ̀lú àwọn tó ń sọ èdè tí òun kò gbọ́, kí a má baà máa fi òun ṣe yẹ̀yẹ́. Lójú tiwa, ìdí tirẹ̀ ló lẹ́sẹ̀ nílẹ̀ jù.

Ní ti Haúsá, kò sí ẹni tó jókòó kọ́ wa. Ẹni tó ń ra tòmátò níwájú wa sọ pé "nawa ne?", a gbọ́. Lọ́jọ́ kejì a tún gbọ́ ọ níbi tí wọ́n ti ń ná ẹ̀wà. Kó tó di ọ̀sẹ̀ kẹta, ẹnu wa ti ń sọ ọ́ kí ọkàn wa tó rò ó. Ọjà ló ń ṣe iṣẹ́ náà fún wa: ó ń dá ọ̀rọ̀ padà sí etí wa kí a tó gbàgbé rẹ̀ pátápátá. Ta ni yóò wá máa sọ èdè Jàpáànù sí wa létí ní ọjà Samaru? Àfi kí a dá ọjà tiwa sílẹ̀.

Ọ̀rọ̀ ìgbàgbé yìí, àwọn kan ti wádìí rẹ̀ tipẹ́. Ọ̀mọ̀wé ará Jámánì kan, Hermann Ebbinghaus, fi ara rẹ̀ dán an wò, ó sì tẹ ìwé jáde lórí rẹ̀ ní 1885. Sílébù tí kò ní ìtumọ̀ kankan ni ó ń há sórí, tí ó sì ń wo bí wọ́n ṣe ń sá kúrò níbẹ̀. Ó rí i pé láàrin wákàtí mélòó kan sí ọjọ́ kan ni èyí tó pọ̀ jù ń lọ, tí ìyókù sì ń fẹsẹ̀ wọ́ lẹ́yìn. Ó tún rí i pé àtúnkà tí a pín sí ọjọ́ púpọ̀ sàn ju èyí tí a rọ́ jọ sójú ọjọ́ kan ṣoṣo. (Ẹ̀yin tí ẹ máa ń dúró di alẹ́ ọ̀la-ìdánwò, a kò dárúkọ ẹnikẹ́ni.) Nígbà tó di 1972, akọ̀ròyìn kan tó ń kọ̀wé ní èdè Jámánì, Sebastian Leitner, fi ọgbọ́n káàdì àti àpótí han àwọn ènìyàn nínú ìwé rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ ará Pólàǹdì kan, Piotr Woźniak, gbé irú ọgbọ́n bẹ́ẹ̀ sórí kọ̀ǹpútà ní 1987. Ní 2006 ni Damien Elmes gbé Anki jáde, èyí tí méjì nínú wa ní lórí fóònù. Anki fúnra rẹ̀, ọ̀rọ̀ Jàpáànù ni. Ó túmọ̀ sí kí a há nǹkan sórí, àmì méjì ni wọ́n sì fi ń kọ ọ́: àmì òkùnkùn àti àmì àkọsílẹ̀. Ìgbà tí a mọ èyí ni a rí i pé àwọn tó pè wá ní ẹgbẹ́ òkùnkùn kò kúkú jìnnà púpọ̀.

Ṣùgbọ́n iná ọba kò ṣeé gbára lé, fóònù sì ń kú. Nítorí náà a gé páálí Indomie sí wẹ́wẹ́, a wá páálí bàtà márùn-ún. A kọ ọ̀rọ̀ Jàpáànù sí iwájú káàdì, a kọ ìtumọ̀ sí ẹ̀yìn. Gbogbo káàdì tuntun, páálí kìíní ni ó ń wọ̀. Bí o bá mọ̀ ọ́n, ó bọ́ sí páálí tó tẹ̀ lé e. Bí o kò bá mọ̀ ọ́n, ìbáà ṣe inú páálí karùn-ún ni ó ti wá, ó di páálí kìíní. Kò sí ẹ̀bẹ̀.

Ọjọ́ mélòó ni ó yẹ kí a fi sí àárín páálí kan àti èkejì? A jiyàn lórí èyí títí, kí ọmọ Ìbàdàn inú wa tó rántí ọjà tí ìyá rẹ̀ ń ná. Ó ní ṣebí àwọn baba wa ti ka ọjọ́ fún wa: ọrọọrún, ìsán, ìtàdógún. A gbà bẹ́ẹ̀. Páálí kìíní di ti ojoojúmọ́, èkejì di ti ọrọọrún, ẹ̀kẹta ti ìsán, ẹ̀kẹrin ti ìtàdógún, ìkarùn-ún ti oṣooṣù. Ọmọ ẹ̀rọ mú bírò, ó ní ẹ dákẹ́ ná. Ní ìkà Yorùbá, ọjọ́ tí a wà nínú rẹ̀ ni a fi ń bẹ̀rẹ̀. Bí a bá yọ ọ́ kúrò, ọrún di ọjọ́ 4, ìsán di 8, ìtàdógún di 16. Ìlọ́po méjì, ìlọ́po méjì! Ohun tí a fi iyàn wá títí, àwọn aláte ti ń ná an tipẹ́.

Èdè náà wá ńkọ́? Ó ṣòro, a kò ní í parọ́. Álífábẹ́ẹ̀tì rẹ̀ kìíní ní àmì 46, èkejì ní 46, lẹ́yìn èyí ni kanji, tí ìjọba wọn ka 2,136 sí èyí tó wà fún ìlò gbogbo ènìyàn láti ọdún 2010. Ṣùgbọ́n ọmọ Yorùbá ní àwọn ibi kan tí ó ti gba iwájú lọ. Àwọn náà kì í fẹ́ kí kóńsónáǹtì méjì forí gbárí, bí a kò ṣe fẹ́ ẹ. A ní bọ́ọ̀lù, wọ́n ní bōru. A ní mílíìkì, wọ́n ní miruku. A ní gíláàsì, wọ́n ní garasu. A ní dírẹ́bà, wọ́n ní doraibā, àfi bí ẹni pé ọkọ̀ kan náà ni a jọ wọ̀.

Ohùn náà wà níbẹ̀. Ní Tókíò, bí o bá gbé ame sókè ní ìbẹ̀rẹ̀, òjò ni. Bí o bá gbé e sókè ní ìparí, súìtì ni. Ìwé wọn kì í fi àmì sí i, bí àwọn ìwé ìròyìn kan kò ṣe fi àmì sí Yorùbá. Àwa fi àmì ohùn tiwa sí i lórí káàdì: ámè ni òjò, àmé ni súìtì. Kò tún sí ìjà mọ́.

Níbi tí ìjà kù sí ni àwọn ọ̀rọ̀ tó jọ tiwa tí ìtumọ̀ rẹ̀ kì í ṣe tiwa. Inu ni ajá. Ebi ni edé. Oya ni òbí, Ṣàngó kò sì sí níbẹ̀. Àwọn wọ̀nyí kò pẹ́ ní páálí kìíní, nítorí pé ẹ̀rín ń dì wọ́n mú: ebi ń pa mí, mo jẹ ebi. Ṣùgbọ́n iku ni wọ́n ń pe "lọ". Ẹnì kan wà nínú wa tí kò jẹ́ fi ẹnu rẹ̀ sọ pé òun fẹ́ iku sí ilé-ìwé. Gbogbo ìgbà tí káàdì náà bá yọ, yóò ní "Ọlọ́run má jẹ̀ẹ́". Ohun tó gbà á ni pé ọ̀rọ̀ náà ní irú èyí tí a fi ń bọ̀wọ̀ fúnni, ikimasu. Ikimasu ni ó ń sọ títí di òní olónìí, ó wá dà bí ẹni pé òun ló mọ ẹ̀kọ́ ilé jù nínú wa.

Ọ̀rọ̀ tí kì í padà sẹ́yìn rárá ni àwọn tó ń ró létí. Nurunuru ni nǹkan tó ń yọ̀ bí ọbẹ̀ ilá. Dokidoki ni àyà tó ń lù kìkìkì. Gorogoro ni ààrá tó ń kù. Wọ́n pọ̀ lọ súà, ọmọ Yorùbá kò sì nílò olùkọ́ láti lóye ìdí tí ènìyàn fi ń sọ̀rọ̀ báyìí.

Ní ti kanji, ojú ọ̀nà ni a ti kọ́ ọ. Àmì oko ìrẹsì, ta, ni a kọ́kọ́ mọ̀. Honda: ìpìlẹ̀ àti oko ìrẹsì. Toyoda, orúkọ ìdílé tó dá Toyota sílẹ̀: ọ̀pọ̀ àti oko ìrẹsì. Matsuda, orúkọ ẹni tó dá Mazda sílẹ̀: igi páìnì àti oko ìrẹsì. Orúkọ ìdílé kan tún wà níbẹ̀ tó ń jẹ́ Okada, òkè àti oko ìrẹsì. Kò bá alùpùpù tí wọ́n ń pè ní achaba níhìn-ín tan rárá, ìlú Okada ní ìpínlẹ̀ Ẹdó ni orúkọ ti ọkọ̀ òfuurufú wá kó tó dé orí alùpùpù. Ṣùgbọ́n a kọ káàdì rẹ̀.

Ní ìbẹ̀rẹ̀, èdè Gẹ̀ẹ́sì ni a ń kọ sí ẹ̀yìn káàdì. Ọmọ ìmọ̀ ẹ̀dá-èdè ló ní kí a fi Yorùbá rọ́pò rẹ̀. Ó ní kí a wo ani àti otōto: Gẹ̀ẹ́sì pe méjèèjì ní ọ̀rọ̀ kan náà, Yorùbá ní ẹ̀gbọ́n ni ẹnì kan, àbúrò ni ẹnì kejì. Bí ènìyàn bá ń bọ̀ láti ibi iṣẹ́, wọn a kí i pé otsukaresama. Kí ni Gẹ̀ẹ́sì rẹ̀? Ẹ kú iṣẹ́ ni, ó tán. Ẹni tó ń jáde nílé, wọn a ní kó lọ kó bọ̀, itte irasshai, bí ìyá kọ̀ọ̀kan wa ṣe ń sọ ọ́.

Níbẹ̀ ni ọ̀rọ̀ ti yí. Méjì nínú wa, Kano ni wọ́n bí wọn sí, Gẹ̀ẹ́sì àti Haúsá ni wọ́n sì fi dàgbà. Niji yọ, kò sí ẹni tó rántí òṣùmàrè nínú wọn. Hiji yọ, a fọwọ́ kan ìgúnpá, orúkọ rẹ̀ kò wá. Tsubame, ẹyẹ náà ń fò lórí wa ní họ́sítẹ́ẹ̀lì lójoojúmọ́, alápàáǹdẹ̀dẹ̀ ni, wọn kò gbọ́ ọ rí. Ní ti oǹkà, Jàpáànù ń pe 75 ní méje-ẹ̀wá-àrún, ó yá. Márùndínlọ́gọ́rin gba ìṣẹ́jú kan gbáko lọ́wọ́ gbogbo wa, àti ọmọ Ìbàdàn pàápàá. Ojú tì wá díẹ̀, ẹ̀rín sì pa wá. Láti ìgbà náà, káàdì kan di méjì: ọ̀kan fún Jàpáànù, ọ̀kan fún Yorùbá tó wà lẹ́yìn rẹ̀.

Ìyanṣẹ́lódì bẹ̀rẹ̀ ní ọjọ́ 14 oṣù Kejì ọdún 2022, kò sì parí títí di oṣù Kẹwàá. A pín káàdì sí mẹ́rin, oníkálukú gbé tirẹ̀ lọ sílé. Ọ̀kan nínú àwọn ọmọ Kano wa kò dúró ní Kano, ọ̀dọ̀ ìyá-ìyá rẹ̀ ní Ọ̀fà ni wọ́n rán an lọ. Màmá àgbà yìí kò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì. Ṣáájú èyí, lórí fóònù, "ẹ kú iṣẹ́ mà, ẹ kú ilé mà" ni ọ̀rọ̀ wọn, ó parí. Káàdì ló fa ọ̀rọ̀. Jàpáànù ní orúkọ fún òjò oríṣiríṣi: òjò kékeré ni kosame, òjò ìrọ̀lẹ́ tó dé lójijì ni yūdachi. Lẹ́yìn gbogbo wọn, òjò, òjò, òjò ni a kọ. Màmá ní kí wọ́n ka páálí náà fún òun. Ó ní ta ló sọ pé òjò kan ṣoṣo ni Ọlọ́run dá? Ó ní èyí tó kọ́kọ́ rọ̀ lọ́dún, àkọ́rọ̀ ni. Èyí tó dé pẹ̀lú agbára, ọ̀wààrà ni. Èyí tó ń rọ̀ winniwinni wà lọ́tọ̀. Láti ọjọ́ náà, bí ilẹ̀ bá ti mọ́, màmá ni yóò béèrè pé páálí dà.

Nígbà tí a padà sí Samaru, a ṣí gbogbo páálí. Káàdì tó wà nínú páálí oṣooṣù kí a tó lọ, púpọ̀ nínú wọn ṣì wà lórí wa. Ti ojoojúmọ́ ti lọ bí ìrì. Àwọn tó ń lo fóònù rí ọgọ́rọ̀ káàdì tó ń dúró dè wọ́n, wọ́n sì fi ọ̀sẹ̀ púpọ̀ san gbèsè. Ṣùgbọ́n ọmọ Kano tó lọ sí Ọ̀fà kò gbàgbé ẹyọ kan nínú àwọn ọ̀rọ̀ òjò, ti Jàpáànù àti ti Yorùbá.

Màmá náà dolóògbé ní ọdún tó tẹ̀ lé e. Òfin wa ni pé káàdì tó bá ti páálí oṣooṣù jáde ní ẹ̀ẹ̀mẹta, a ó sọ ọ́ nù. Àwọn tó ti ẹnu màmá jáde, kò sí ẹni tó dá a lábàá pé kí a sọ wọ́n nù. Wọ́n ń yípo lọ. Lóṣooṣù ni àkọ́rọ̀ ń yọ, àní nínú ọyẹ́ yìí tí òjò kò sí nítòsí, ẹni tó ni màmá ni a sì máa ń fún ní káàdì náà kó dáhùn.

Ibi tí a dé nìyí. Ọmọ ẹ̀rọ ṣì ń fojú sọ́nà. Alápàáǹdẹ̀dẹ̀ kọjá sí páálí ìtàdógún lọ́sẹ̀ tó kọjá. Ìgúnpá ṣì ń padà sí ti ojoojúmọ́, a kò mọ ohun tí a ṣe é. Ẹni tó bá fẹ́ dara pọ̀ mọ́ wa, ọjọ́ ìsán ni a máa ń pàdé lábẹ́ igi dóńgóyárò tó wà lẹ́yìn họ́sítẹ́ẹ̀lì. Kí ó mú páálí bàtà tirẹ̀ lọ́wọ́, nítorí tiwa ti kún.