Sí Àṣàkẹ́, Kó Tó Gbéra Lọ sí Ìkọ́gòsì

Àṣàkẹ́ mi,

Ìyá rẹ sọ fún mi pé ìwọ àti àwọn ẹgbẹ́ rẹ tẹ́ ẹ jọ ń gun alùpùpù fẹ́ gbéra láti Ìbàdàn lọ sí Ìkọ́gòsì lóṣù Kẹsàn-án, àti pé inú àgọ́ lẹ óò sùn. Ìgbà òjò àrọ̀kúrò gan-an nìyẹn. Mi ò ní kó o má lọ. Ọ̀rọ̀ díẹ̀ ló wà níkùn mi.

Mo mọ̀ pé ìfẹ́ alùpùpù ti wà lára rẹ láti kékeré. Iwájú Vespa mi lo máa ń dúró sí, láàárín apá mi méjèèjì, bí mo bá ń gbé ọ lọ síléèwé. Bí òjò bá ká wa mọ́nà, màá fi aṣọ òjò mi bò ọ́. Ìwọ á yọwọ́ síta lábẹ́ rẹ̀, wà á gbe òjò, wà á lá a. "Bàbá mi, ẹ sáré sí i!"

Òjò ńlá kọ́ ló ń já mi láyà jù. Wẹliwẹli tó kọ́kọ́ bọ́ sílẹ̀ lẹ́yìn ọ̀dá ọjọ́ díẹ̀ ni. Ọ́ìlì tí ọkọ̀ ti jò sójú títì á pò mọ́ eruku, ọ̀dà á wá máa yọ̀ bí ilá. Bí òjò bá rọ̀ dáadáa tó fọ ọ̀nà, ó máa ń sàn díẹ̀. Nítorí náà, bó bá ti ń kán, rọra. Má fa bíréèkì lójijì. Jìnnà sí ẹni tó wà níwájú rẹ ní ìlọ́po méjì bó o ṣe máa ń ṣe. Omi tó bá dúró sójú títì, má kó sí i; a kì í mọ bí kòtò abẹ́ rẹ̀ ṣe jìn tó.

Láti Iléṣà lọ sí Ẹ̀fọ̀n-Aláayè, òkè lẹ óò máa gùn, kọ́nà lẹ́yìn kọ́nà. Ibẹ̀ ni ọkàn mi wà. O ò ní fẹ́ kí ẹnikẹ́ni sọ pé ìwọ lò ń fa àwọn tó kù sẹ́yìn. Mo mọ̀ ọ́. Nílé ìwé, ẹsẹ̀ tó ti wú lo fi sáré kí háùsì yín má bàa kẹ́yìn, o ò sọ fún tíṣà kankan.

Àṣàkẹ́, ẹni tó ń gun alùpùpù nínú òjò ò gbọdọ̀ tijú. Bí gíláàsì akoto rẹ bá ti ṣú tó ò ríran mọ́, tanná, yà sẹ́gbẹ̀ẹ́, kó o ní, "Ẹ jẹ́ ká dúró." Ẹlòmíì lè ti máa retí kí ẹnì kan sọ ọ́. Nínú ẹgbẹ́ tó dáa, eré ẹni tó rọra jù ni gbogbo wọn ń sá. Ẹni tó mọ̀nà á ṣíwájú, ẹni tó dáńgájíá á kẹ́yìn, wọn ò sì ní fi ẹnì kankan sílẹ̀ sọ́nà.

Nígbà tó o wá sílé kẹ́yìn, ìbọ̀wọ́ awọ tí òjò ti rin tú aró dúdú sí ọ lọ́wọ́ títí dé ọrùn ọwọ́. Ìyá rẹ fi ọsàn wẹ́wẹ́ fọ ọ́ títí, kò ṣí. Ìka rẹ tutù débi pé o ò lè tú bọ́tìnnì. Ìka tó ti kú báyẹn, báwo ló ṣe fẹ́ fa bíréèkì? Mú ìbọ̀wọ́ mìíràn dání, kó o sì di aṣọ tí wà á fi sùn sínú ọ̀rá tómi ò lè wọ̀.

Ẹ má pàgọ́ sétí odò: òjò tó rọ̀ lókè lè mú kó kún lóru, kí ọ̀dọ̀ yín ṣì gbẹ. Ẹ má pa á sábẹ́ igi tó ní ẹ̀ka gbígbẹ. Bí òtútù ti wù kó mú yín tó, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ gbé iná èédú wọnú àgọ́. Májèlé tó ń ti ara rẹ̀ jáde ò ní òórùn, ó sì lè pa èèyàn lójú oorun.

Láàárọ̀, ní Ìkọ́gòsì, lọ síbi tí omi gbígbóná ti pàdé omi tútù. Ki ẹsẹ̀ kan bọ gbígbóná, ki ìkejì bọ tútù. Mo mú àwọn ọmọ kíláàsì mi débẹ̀ rí, wọn ò fẹ́ wọ bọ́ọ̀sì mọ́.

Bí òjò bá sì dá yín dúró, tí ilẹ̀ bá fẹ́ ṣú, ẹ má fi agídí lọ. Iléṣà ni a wà, ojú ọ̀nà yín náà ni. Ẹ yà sílé, gbogbo yín. Àyè wà fún alùpùpù lábẹ́ ọ̀dẹ̀dẹ̀, ìyá rẹ sì ní iyán ò ní wọ́n.

Ọlọ́run á ṣọ́ yín lálọ, á ṣọ́ yín lábọ̀.

Èmi ni,
Bàbá rẹ.