Ewé Kan Ni, Mo Pè É Ní Méjì

Ẹ má fi mí ṣe ẹlẹ́yà o, ẹ̀yin òǹkàwé. Lọ́dún 1986, nígbà tí mo sọ fún bàbá mi ní Upenmen pé ewé òkun ni mo fi ń ṣe iṣẹ́ àṣekágbá mi ní yunifásítì, ohun tí wọ́n bi mí ni pé, "Ṣé jíjẹ ni àbí títà?" Owó kòkó ni wọ́n fi ń rán mi níléèwé. Lọ́dọ̀ tiwa, ohun tútù tó ń yọ̀ lára òkúta odò kò níṣẹ́ méjì ju kó gbé apọnmi ṣubú lọ.

Orí òkúta tí òyìnbó kó sí ẹnu òkun l'Ékòó ni mo ti rí àkọ́kọ́: ó rí bí okùn, inú rẹ̀ ṣófo, kò lẹ́ka. Enteromorpha là ń pe irú rẹ̀ nígbà yẹn. Mo rí òmíràn létí ọ̀sà, níbi tí iyọ̀ omi ti dín kù. Ìyẹn yọ ẹ̀ka rẹpẹtẹ. Ojú lásán ni mo fi dájọ́: oríṣi méjì ni. Mo kọ ọ́, mo tẹ̀ ẹ́, mo tilẹ̀ ti ránṣẹ́ sílé pé mo ti ń parí lọ.

"Ṣé o gbìn wọ́n?" Ìbéèrè ọ̀gá mi kò ju bẹ́ẹ̀ lọ.

Ni mo bá kó wọn sínú ìgò. Omi òkun tí a sẹ́, tí a sè, ajílẹ̀ díẹ̀, iná tí kò gbọdọ̀ kú títí ilẹ̀ fi ṣú. Bí iná bá lọ, àyà mi a já. Nígbà tó yá, mo bu omi lásán lu omi òkun nínú ìgò aláìlẹ́ka. Àwọn ọmọ tó hù níbẹ̀ yọ ẹ̀ka! Ti ọ̀sà tí mo gbìn sínú omi oníyọ̀ gidi ńkọ́? Ẹ̀ka rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tán. Ọ̀kan náà ni wọ́n. Omi ló yàtọ̀.

Ọ̀gá mi ní kì í ṣe èmi nìkan. Lọ́dún 1938, Kornmann, ará Jámánì, fi ìgò hàn pé Derbesia tó rí bí irun àti Halicystis tó rí bí ilẹ̀kẹ̀ kì í ṣe ewé méjì. Ọ̀kan ló ń bí èkejì. Àní lọ́dún 2003, wọ́n da Enteromorpha fúnra rẹ̀ pọ̀ mọ́ Ulva, orúkọ tí Linnaeus ti fi pe irú rẹ̀ látọdún 1753.

Ṣùgbọ́n ní 1986, èmi ni mo ní láti lọ tọrọ owó ọdún kan sí i.

"Ọ̀kan ni wọ́n?" ni bàbá mi wí.

"Ọ̀kan ni, sà."

"Odidi ọdún kan, lórí ọ̀kan!" Wọ́n wọlé. Mo gbọ́ tí àpótí dún.