Káàdì Tí Iná Ilé Wa Lè Gbé

Ẹ̀gbọ́n ń gbé Lọ́ńdọ̀nù. Ìgbéyàwó àbúrò wọn obìnrin ló gbé e wá sílé sí Ìwàrè, ní ìjọba ìbílẹ̀ Afijió. Àbúrò tí wọ́n jọ ń sọ̀rọ̀ yìí kò kúrò nílé. Iṣẹ́ fídíò òde ló fi ń jẹun, láti Fìdítì dé Ìlọrà títí dé Awẹ́ ni wọ́n ti ń pè é, òun náà ló sì ń ṣe fídíò ìgbéyàwó yìí. Wọ́n ti ṣí ẹ̀gbẹ́ kọ̀ǹpútà rẹ̀ sílẹ̀ lórí tábìlì, káàdì àwòrán (graphics card) tí Ẹ̀gbọ́n mú wá fún un sì wà níbẹ̀.

ÀBÚRÒ: Bùọ̀dá mi, ẹ ṣeun gan-an ni. Ẹ ò ní rìn lọ́jọ́ tí ebi ń pa ọ̀nà. Ṣùgbọ́n káàdì yìí kò lè ṣiṣẹ́ nínú kọ̀ǹpútà mi.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló dé? RTX 3080 nìyẹn o. Nígbà tó jáde ní oṣù kẹsàn-án 2020, ńṣe ni wọ́n ń wá a kiri, owó wà lọ́wọ́, ọjà ò sí. Ìwọ lo sọ fún mi lórí fóònù pé fídíò ń fi àárọ̀ ṣúlẹ̀ mọ́ ọ lọ́wọ́. Mo ní kí n kúkú gba èyí tó lágbára.

ÀBÚRÒ: Agbára rẹ̀ gan-an ló ń bà mí lẹ́rù. Ẹ bá mi ka ohun tí wọ́n kọ sára páwà páàkì yìí.

Ẹ̀GBỌ́N: 290W.

ÀBÚRÒ: Ohun gbogbo tó wà nínú àpótí yìí ni 290 yẹn ń bọ́: bọ́ọ̀dù, purosẹ́sọ̀, RAM, dísíìkì, fáànù. Káàdì tí ẹ mú wá, 320W ni òun nìkan lè jẹ tó bá ń ṣiṣẹ́ kíkankíkan. Nvidia tó ṣe é fúnra wọn sọ pé páwà páàkì 750W ni kí ẹni tó bá fẹ́ lò ó ní. Ẹ tún wo ihò tó wà létí rẹ̀ yìí, wáyà ẹlẹ́sẹ̀ mẹ́jọ, méjì, ló ń béèrè. Ti èmi ò ní ẹyọ kan.

Ẹ̀GBỌ́N: Ká ra páwà páàkì ńlá, ká yọ èyí dànù.

ÀBÚRÒ: Dell OptiPlex 9020 ni, irú èyí tí wọ́n ṣe fún àwọn ọ́fíìsì ní 2013. Nínú ọ̀pọ̀ kọ̀ǹpútà, wáyà tó ń gbé iná wọ bọ́ọ̀dù máa ń ní ẹsẹ̀ 24. Ti Dell yìí, mẹ́jọ péré. Páwà páàkì tí ẹ bá bá pàdé lọ́jà kò ní bá a mu, àfi tí ẹ bá tún wá wáyà tó máa so àwọn méjèèjì pọ̀. Ó ṣeé ṣe, àwọn kan ń ṣe é. Ẹ jẹ́ ká ní a ti ṣe é tán. Iná wo ló máa gbé e?

Ẹ̀GBỌ́N: Jẹnẹrétọ̀ wà lẹ́yìn ilé, mo gbọ́ ohùn rẹ̀ lánàá.

ÀBÚRÒ: “I pass my neighbour” ni, bùọ̀dá. 650W ni agbára rẹ̀. Ẹ ṣírò rẹ̀: káàdì 320, purosẹ́sọ̀ 84, ẹ fi mọnítọ̀ kún un, ẹ fi ìyókù inú àpótí kún un, ẹ wá fi gílóòbù àti fáànù màámi kún un. Tí mo bá tẹ rẹ́ńdà báyìí, kí kọ̀ǹpútà pa gbogbo fídíò tí mo ti gé pọ̀ di ẹyọ kan, tí káàdì fa gbogbo agbára rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, jẹnẹrétọ̀ á hó, á sì kú. Fídíò tó kú lágbedeméjì kì í bẹ̀rẹ̀ láti ibi tó dé, àtìbẹ̀rẹ̀ ni. Bẹntiróò sì ńkọ́? Kó tó di 29 May 2023, iye tí ìjọba fọwọ́ sí lórí lítà kan kò tó ₦200. Kí oṣù yẹn tó parí, ó ti di nǹkan bíi ₦500. Kò sì tíì padà síbi tó wà tẹ́lẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Lọ́dọ̀ tiwa, èèyàn á kàn ki wáyà bọ ara ògiri ni. Ìgbà tí bílì bá dé lèèyàn ń rántí iná. Mi ò ro ti jẹnẹrétọ̀ rárá. Ó dáa, gbé káàdì yẹn sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan ná. Fi ohun tó ń yọ ọ́ lẹ́nu hàn mí.

ÀBÚRÒ: Ẹ wo ibí. Ìyàwó ń jó wọlé, alága ìjókòó ló wà nídìí máìkì yẹn. Ẹ gbọ́ gángan? Ohùn ń lọ geerege, kò já rárá. Ẹ wá wo àwòrán.

Ẹ̀GBỌ́N: Ẹsẹ̀ rẹ̀ há sókè.

ÀBÚRÒ: Ó há sókè. Ó máa fò báyìí... ẹ rí i, ó ti dé iwájú ìyá ọkọ. Gbogbo ijó tó wà láàárín, mi ò rí i. Níbi tí ọkọ ìyàwó àtàwọn ọ̀rẹ́ rẹ̀ ti dọ̀bálẹ̀, wọ́n wà lóòró, ojú ẹsẹ̀ náà ni wọ́n ti wà nílẹ̀. Báwo ni mo ṣe fẹ́ mọ ibi tí mo máa ti gé e kó bá ìlù mu?

Ẹ̀GBỌ́N: Kámẹ́rà wo lo fi yà á?

ÀBÚRÒ: Kámẹ́rà mi ya apá kan, ìyẹn ò ní wàhálà. iPhone ọ̀rẹ́ ìyàwó ló ya èyí, òun ló sún mọ́ wọn jù, mi ò sì lè fi sílẹ̀. Láti 2017 ni iPhone ti ń fi H.265, ọ̀nà ìfúnpọ̀ fídíò kan, tọ́jú fídíò kó má baà gba àyè púpọ̀. Purosẹ́sọ̀ tèmi, i5-4590, ọdún 2014 ló jáde. Apá ibi tó ń rí sí àwòrán nínú rẹ̀ mọ H.264 dáadáa, kò mọ H.265. Àwọn purosẹ́sọ̀ Intel tó bẹ̀rẹ̀ sí í jáde láti 2015 ló mọ̀ ọ́n. Nítorí náà, agbára lásán ni tèmi fi ń tú u, ó sì kọjá agbára rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Ṣé kì í ṣe RAM lo nílò? Ibi tí mo ti ra káàdì, wọ́n ní ọ̀pọ̀ èèyàn ló ń ra káàdì nígbà tó jẹ́ pé RAM ni kò tó wọn.

ÀBÚRÒ: Òótọ́ ni wọ́n sọ. 4GB ló wà nínú ẹ̀ nígbà tí mo rà á, mo ti sọ ọ́ di 16. Mo sì ti yọ háàdì dísíìkì tó ń yí bírí, mo ti fi SSD sí i. Ohun tó yí padà lọ́jọ́ náà pọ̀ ju ohun tí káàdì kankan lè ṣe lọ. Bí ẹnì kan bá wá bá mi pẹ̀lú irú kọ̀ǹpútà yìí, tí háàdì dísíìkì àtijọ́ yẹn ṣì wà nínú rẹ̀, mi ò ní jẹ́ kó náwó káàdì rárá. Èmi ti kọjá ibẹ̀. Ohun tó kù mí kù báyìí ni ohun tó máa tú H.265, tó sì máa bá mi ṣe rẹ́ńdà. Kò gbọdọ̀ ju 75W lọ.

Ẹ̀GBỌ́N: Kí ló dé tó fi jẹ́ 75?

ÀBÚRÒ: Ihò gígùn tí káàdì máa ń jókòó sí lórí bọ́ọ̀dù yìí, 75W ló lè fún un láìsí wáyà kankan. Káàdì tó bá ti mọ níwọ̀n ibẹ̀ kò ní dá páwà páàkì láàmú, jẹnẹrétọ̀ náà á sì gbé e. 75 àti 84, ẹ ṣì rí i pé ó jìnnà sí 290.

Ẹ̀GBỌ́N: Mo rí irú wọn nígbà tí mò ń wá èyí. GT 1030 wà níbẹ̀, 30W péré, owó rẹ̀ kò sì tó nǹkan.

ÀBÚRÒ: Ẹ má rà á fún oníṣẹ́ fídíò láéláé. Á jẹ́ kí àwòrán ṣí dáadáa, ṣùgbọ́n wọ́n yọ apá tó ń ṣe rẹ́ńdà kúrò nínú rẹ̀, ẹni tí kò mọ̀ á kàn máa rò pé kọ̀ǹpútà òun ló burú. RX 6400 tí AMD gbé jáde ní 2022 náà nìyẹn, kò ní apá yẹn. Ó tún ní àléébù kejì: ojú ọ̀nà mẹ́rin péré ló ní tó ń gba ọ̀rọ̀ wọ bọ́ọ̀dù, bọ́ọ̀dù tuntun ni wọ́n sì ṣe é fún. Lórí bọ́ọ̀dù àtijọ́ bíi tèmi, á máa fà. Ó dùn mí pé irú àwọn káàdì yìí gan-an ni wọ́n ń tà fún àwọn tó ní kọ̀ǹpútà àtijọ́, torí pé wọn ò jẹ iná.

Ẹ̀GBỌ́N: GTX 1050 Ti ńkọ́? Gbogbo èèyàn ló ń yìn ín.

ÀBÚRÒ: Káàdì gidi ni lọ́jọ́ tirẹ̀. 75W, 4GB, ó ń tú H.265, ó ń ṣe rẹ́ńdà. Ṣùgbọ́n ọdún 2016 ló jáde, Nvidia sì ti dáwọ́ dírafà tuntun dúró fún ìran rẹ̀ ní oṣù kẹwàá 2025, àfi èyí tó jẹ mọ́ ààbò. Tí owó ò bá sí, mo lè gbà á. GTX 1650 sàn jù ú lọ, àmọ́ kẹ́ ẹ yẹ orí rẹ̀ wò kẹ́ ẹ tó sanwó, torí àwọn ilé iṣẹ́ kan fi ihò wáyà sí tiwọn. Èyí tí ọkàn mi wà lára rẹ̀ ni RTX 3050 oní-6GB, tó jáde ní 2024. 70W ni. Kò béèrè wáyà.

Ẹ̀GBỌ́N: Sì wò ó, 3080 tí mo gbé dé yìí tó ó rà, ó sì tún máa ṣẹ́ kù.

ÀBÚRÒ: Mi ò fẹ́ sọ bẹ́ẹ̀ lójú yín.

Ẹ̀GBỌ́N: Sọ ọ́, jàre. Ìwọ lo ń jókòó ti ẹ̀rọ náà. Bí mo bá ní kí o fi èyí sí i tipátipá nítorí pé èmi ni mo rù ú wá, ṣe ni yóò dà bí ẹni tó gbé ẹrù akóyọyọ lé ọ̀kadà. 3080 yìí á bọ́ sọ́wọ́ ẹni tó ní kọ̀ǹpútà ńlá ní Ìkẹjà. Ní Computer Village, tí èèyàn bá dé Òtígbà, á rí ẹni tó ń wá a. Kí n tó wọ ọkọ̀ òfuurufú padà, mo máa yà síbẹ̀. Ǹjẹ́ ohun mìíràn wà tí a gbọ́dọ̀ rà pẹ̀lú 3050 yẹn?

ÀBÚRÒ: Ó wà. Mọnítọ̀ mi, ojú VGA nìkan ló ní, aláwọ̀ búlúù yẹn. Àwọn káàdì ìsinsìnyí ò ní VGA mọ́, HDMI àti DisplayPort ni wọ́n ní. A máa ra èyí tó ń yí HDMI padà sí VGA. Ohun kékeré ni, àmọ́ tí a bá gbàgbé rẹ̀, a máa so káàdì tán, ojú mọnítọ̀ á dúdú, a ó sì rò pé wọ́n ta òkú ọjà fún wa.

Ẹ̀GBỌ́N: Windows ńkọ́? Mo gbọ́ pé Microsoft ti pa 10 tì.

ÀBÚRÒ: Ní 14 October 2025. Purosẹ́sọ̀ mi kò sí lára àwọn tí wọ́n gbà fún Windows 11. Ìdí nìyẹn tí kọ̀ǹpútà iṣẹ́ yìí kì í fi í wọ íntánẹ́ẹ̀tì, fóònù ni mo fi ń fi fídíò ránṣẹ́ sí àwọn oníbàárà. Mo mọ̀ pé ọjọ́ ń bọ̀ tí mo máa pààrọ̀ gbogbo rẹ̀. Tí ọjọ́ yẹn bá dé, mo máa yọ 3050 yìí, mo máa gbé e lọ sínú òmíràn. Ìdí mìíràn nìyẹn tí mi ò fi fẹ́ káàdì tó ti ń darúgbó.

Ẹ̀GBỌ́N: Ó dáa. Jẹ́ kí n wá sọ ohun tí èmi náà mọ̀, torí ọjà tòkunbọ̀ kì í ṣe ohun tí èèyàn ń fi ojú lásán rà. Kí 15 September 2022 tó dé, ẹgbẹẹgbẹ̀rún káàdì ló wà nídìí iṣẹ́ wíwa Ethereum, owó orí íntánẹ́ẹ̀tì, tọ̀sán-tòru, wọn ò sinmi. Lọ́jọ́ yẹn ni Ethereum yí ọ̀nà rẹ̀ padà tí káàdì ò fi wúlò fún un mọ́, àwọn tó ni wọ́n sì kó wọn sọ́jà. Ọ̀pọ̀ nínú wọn ṣì dára, ṣùgbọ́n fáànù wọn ti rẹ̀. Fi ọwọ́ yí fáànù náà. Tó bá ń mì tàbí tó ń kùn, fi í sílẹ̀. Ìyẹn kò burú tó ayédèrú.

ÀBÚRÒ: Káàdì náà ní ayédèrú?

Ẹ̀GBỌ́N: Wọ́n á mú káàdì ìgbà láéláé, bíi GTS 450, wọ́n á yí ohun tó wà nínú BIOS rẹ̀ padà kó lè máa pe ara rẹ̀ ní 1050 Ti. Windows á gbà á gbọ́, á kọ orúkọ náà síbẹ̀. Àyẹ̀wò tó máa tú u fó ni GPU-Z, ọ̀fẹ́ ni. Ó ń wo ojúlówó ohun tó wà lórí káàdì, tó bá jẹ́ ayédèrú, á kọ “FAKE” síwájú orúkọ rẹ̀. Gbé e sórí fláàṣì kó wà lápò rẹ lọ́jọ́ ọjà.

ÀBÚRÒ: Mo máa fi fídíò iPhone yìí náà sórí fláàṣì kan náà, apá ibi tí ìyàwó ti ń jó. Bí GPU-Z bá sọ pé ó dáa tí ijó yẹn ṣì há, mi ò rà á.

Ẹ̀GBỌ́N: Ibo la ó ti rà á? Ṣé Ìkẹjà náà ni?

ÀBÚRÒ: Rárá o. Ìbàdàn ni, ní Queen Cinema, ní Ẹkọ́tẹ̀dó. Bí nǹkan bá bàjẹ́, mo lè dá a padà lọ́jọ́ kan náà. Ẹni tó wà ní Ìwàrè, tó lọ ra ọjà ní Ìkẹjà, owó ọkọ̀ ló máa fi pààrọ̀ rẹ̀.

Ẹ̀GBỌ́N: Àdéhùn wa nìyí nígbà náà. Kí owó tó jáde lápò mi, wọ́n gbọ́dọ̀ so ó mọ́ kọ̀ǹpútà níwájú wa, ká fi ṣe rẹ́ńdà fún ọgbọ̀n ìṣẹ́jú, ká máa wo bó ṣe ń gbóná.

ÀBÚRÒ: Àwọn kan lè ní kò sí iná ní ṣọ́ọ̀bù àwọn lákòókò yẹn.

Ẹ̀GBỌ́N: A ó dúró títí iná á fi dé. Tí wọn ò bá gbà ká dúró, a ó wọ ṣọ́ọ̀bù tó kàn.