Oúnjẹ Ẹlẹ́mìí fún Ẹja Inú Dígí: Ìrìn Àjò láti Yábàá dé Sùúrùlérè

Bí mo bá sọ pé ìrìn àjò ni mo fẹ́ mú yín rìn lónìí, ẹ lè rò pé ìlú òkèèrè ni a ń lọ. Rárá o. Èkó níbí náà ni, láti Yábàá lọ sí Mùṣín, láti Mùṣín bọ́ sí Sùúrùlérè, ìrìn tí ọkọ̀ dánfó lè rìn ní òwúrọ̀ kan bí sún-kẹrẹ-fà-kẹrẹ kò bá dí ọ̀nà. Oúnjẹ ẹja ni a ń wá kiri. Kì í ṣe ẹja tí a ó jẹ, ẹja tí yóò jẹun ni.

Ẹ jẹ́ kí n sọ bí ọ̀rọ̀ náà ti bẹ̀rẹ̀. Ọmọ mi obìnrin, ọmọ ọdún 9, ni bàbá rẹ̀ ra ẹja ọ̀ṣọ́ mẹ́fà fún nígbà tí ó ṣe dáadáa nínú ìdánwò. Irú ẹja wínníwínní tí wọ́n ń pè ní gọ́pì ni. Ìrù àwọn akọ wọn a máa tàn bí aṣọ àrán. A gbé àpótí dígí wọn sí pálọ̀. Kò pẹ́ tí àwọn abo fi bímọ, nítorí ẹja yìí kì í yé ẹyin bí ọ̀pọ̀ ẹja mìíràn, ọmọ tí ó ti lè wẹ̀ ni ó ń bí. Inú ọmọ mi dùn púpọ̀. Ṣùgbọ́n oúnjẹ gbígbẹ inú agolo tí a ń rà wọ́n, àwọn ọmọ ẹja náà sì ń kú ní ọ̀kọ̀ọ̀kan. Èmi tí mo ń kọ́ àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bí a ti ń bọ́ ọmọ ìkókó, n kò rí ọmọ ẹja bọ́ nínú ilé ara mi!

Ẹnì kan tí ó mọ̀ nípa ẹja wá gbà mí níyànjú pé kí n fún wọn ní irú ohun tí ẹja ń jẹ nínú odò, èyíinì ni ohun ẹlẹ́mìí tí ń mira nínú omi. Ẹja a máa sáré sí i, kì í sì í tètè ba omi jẹ́ bí oúnjẹ gbígbẹ tí wọn kò bá jẹ tán. Èyí tí ó rọrùn jù lójú mi ni tanwíjí, nítorí kò sí ẹni tí ń tà á. Mo bu omi sí bàsíà kan, mo ju ewé gbígbẹ díẹ̀ sí i, mo gbé e sí ẹ̀yìn ilé ìdáná. Ní ọjọ́ kẹrin, tanwíjí ti ń jó nínú rẹ̀. Mo ń fi asẹ́ kó wọn ní òwúrọ̀ àti ní ìrọ̀lẹ́, ẹja ń jẹ, àwọ̀ wọn ń dán, mo sì ń yin ara mi.

Ìgbà tí ìwé ìdánwò àwọn akẹ́kọ̀ọ́ bò mí mọ́lẹ̀ ni àṣìṣe dé. Odidi ọjọ́ 10 ni n kò fi ojú kan bàsíà náà. Ẹ̀yin náà mọ ìyókù: tanwíjí tí ẹja kò jẹ, ẹ̀fọn ni yóò dà. Ní ilẹ̀ olóoru bí tiwa, láti ìgbà tí a bá yé ẹyin títí ẹ̀fọn yóò fi fò, ó lè má ju ọ̀sẹ̀ kan sí ọjọ́ 10 lọ. Ní nǹkan bí oṣù kan lẹ́yìn náà, ibà mú ọmọ jòjòló kan tí a jọ ń gbé ilé kan náà. Lẹ́yìn rẹ̀ ó kan ọmọ tèmi. Òru méjì ni a fi wà ní ilé ìwòsàn. N kò lè búra pé ẹ̀fọn inú bàsíà mi ni ó gbé ibà náà wá, nítorí ẹ̀fọn pọ̀ ní àdúgbò wa, irú ẹ̀fọn tí ń gbé ibà, Anopheles, sì fẹ́ràn omi mímọ́ tí oòrùn ń pa ju omi ewé jíjẹrà lọ. Ṣùgbọ́n n kò lè búra pé òun kọ́.

Ìyá àgbà ọmọ jòjòló náà wá bá mi ní ẹ̀yìn ilé. Ó wo bàsíà, ó wo ojú mi, ó ní, “Ọmọ mi, ẹja rẹ ń jẹun, ẹ̀fọn náà sì ń fi àwa jẹun.”

Mo kúnlẹ̀, mo ní, “Ẹ má bínú, Màmá. Èmi ni mo jẹ̀bi.”

Kò sọ ohun mìíràn. Ara àwọn ọmọ méjèèjì yá, a dúpẹ́, ṣùgbọ́n ọ̀rọ̀ náà kò kúrò ní etí mi. Òun ni ó mú mi gbéra láti lọ wá ọ̀nà tí ẹja yóò fi yó tí ẹnikẹ́ni kò ní tìtorí rẹ̀ ṣàìsàn.

Yábàá

Bí a bá dárúkọ Yábàá, ọ̀pọ̀ ènìyàn yóò rántí ọjà Tẹ̀júoṣó, tàbí kọ́lẹ́ẹ̀jì ìmọ̀ ẹ̀rọ tí a dá sílẹ̀ ní 1947. Ṣùgbọ́n kí kọ́lẹ́ẹ̀jì náà tó dé ni àwọn ọ̀mọ̀wé ti ń sin ẹ̀fọn ní Yábàá fún iṣẹ́ ìwádìí. Ní 1925, àjọ Rockefeller ti Amẹ́ríkà fi àwọn olùwádìí kalẹ̀ síbẹ̀ láti wádìí ibà pọ́njú. Ibà yìí ní ẹ̀fọn tirẹ̀, Aedes aegypti, èyí tí ó fẹ́ràn àti máa yé ẹyin sínú àmù, sínú agolo àti sínú àpáàdì tí omi dúró sí ní àyíká ilé wa. Ní 1927 ni wọ́n fi hàn pé àrùn náà lè ti ara ènìyàn ran irú ọ̀bọ kan tí ó ti Íńdíà wá, àti pé ẹ̀fọn yìí lè gbé e láti ara ọ̀bọ kan sí òmíràn. Ọ̀kan nínú àwọn tí ó ṣe iṣẹ́ náà, Adrian Stokes, kó àrùn náà, ó sì kú ní Èkó ní oṣù kẹsàn-án ọdún kan náà. Láti inú kòkòrò àrùn tí wọ́n rí gbà lára ọkùnrin ará Gold Coast kan ní 1927 ni Max Theiler ti ṣe abẹ́rẹ́ àjẹsára ibà pọ́njú ní 1937, èyí tí a ń gún títí di òní; ó gba ẹ̀bùn Nobel nítorí rẹ̀ ní 1951.

Mo dúró ní ìta ilé ìwádìí ìmọ̀ ìṣègùn ti Nàìjíríà, tí ó wà ní Yábàá bákan náà, tí a sì dá sílẹ̀ ní 1977. Mo ń rò ó pé àwọn ọ̀mọ̀wé tí iṣẹ́ wọn jẹ́ ẹ̀fọn sísìn ṣọ́ra tó báyìí, síbẹ̀ ikú bá wọn níbẹ̀. Èmi sì ń sin tèmi nínú bàsíà tí kò ní ìdérí, ní ibi tí ọmọ ọlọ́mọ ti ń ṣeré.

Mùṣín

Láti Yábàá mo wọ dánfó lọ sí ọjà Ojúwòyè ní Mùṣín. Kò sí ohun ilé ìdáná tí ènìyàn kò ní rí níbẹ̀. Mo ra ògì, mo ra ìwúkàrà tí àwọn oníbúrẹ́dì ń lò, mo ra abọ́ ike mẹ́ta tí ó ní ìdérí, ọ̀gẹ̀dẹ̀ wẹ́wẹ́ tí ó ti pọ́n jù, àti ọ̀pá àwọ̀n ẹ̀fọn méjì. Obìnrin tí ó ta ìwúkàrà bi mí pé, “Ṣé búrẹ́dì lẹ fẹ́ ṣe ni, Mà?” Mo ní rárá, oúnjẹ ẹja ni. Ó rẹ́rìn-ín títí, ó ní, “Ẹja Èkó náà ti ń jẹ búrẹ́dì!”

Nígbà tí mo jáde, mo bẹ̀rẹ̀ wo inú gọ́tà tí ó gba ẹ̀gbẹ́ títì kọjá. Àwọn ẹja wínníwínní ń wẹ̀ nínú omi dúdú náà. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ó yà yín lẹ́nu. Gọ́pì ti di ọmọ onílùú nínú àwọn ojú àgbàrá Èkó, àwọn olùwádìí sì ti kọ̀wé ní 2012 lórí ohun tí wọ́n ń jẹ níbẹ̀. Àlejò ni wọ́n. Gúúsù Amẹ́ríkà àti àwọn erékùṣù bíi Trinidad ni wọ́n ti ṣẹ̀ wá, orúkọ wọn sì ti ọ̀dọ̀ Robert John Lechmere Guppy wá, ẹni tí ó fi wọ́n ránṣẹ́ láti Trinidad sí London. Ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè ni ó kó wọn wọlé kí wọ́n lè máa jẹ tanwíjí. Ṣùgbọ́n ẹ má ṣe bu ẹja tàbí tanwíjí gọ́tà wá sí ilé, nítorí ẹ̀gbin àti àrùn tí ó wà nínú omi náà. Ẹ má sì ṣe da ẹja inú dígí yín sínú gọ́tà tàbí odò, kí àlejò má baà lé onílé jáde.

Sùúrùlérè

Sùúrùlérè ni mo parí ìrìn náà sí. Láti 1955, nígbà tí ìjọba bẹ̀rẹ̀ sí wó àwọn ilé tí ó há mọ́ra ní àárín Ìsàlẹ̀ Èkó, ni ọ̀pọ̀ ìdílé ti kó lọ síbẹ̀. Pápá ìṣeré ńlá tí a parí ní 1972 ni àlejò fi ń mọ àdúgbò náà. Nínú ọgbà ilé kan tí kò jìnnà sí i ni mo ti pàdé bàbá kan, olùkọ́ tí ó ti fẹ̀yìn tì, tí ó ń sin ẹja ọ̀ṣọ́. Ẹja odò tiwa ni ó fẹ́ràn jù, pàápàá èyí tí àwọn òyìnbó ń pè ní kribensis, Pelvicachromis pulcher, tí ikùn abo rẹ̀ a máa pọ́n bí osùn nígbà tí ó bá fẹ́ yé ẹyin. Láti odò gúúsù Nàìjíríà ni ẹja yìí ti jáde, ó sì wà nínú dígí àwọn ènìyàn káàkiri ayé.

Garawa mẹ́rin ni ó tò sí abẹ́ òrùlé, àwọ̀n ẹ̀fọn sì bo ọ̀kọ̀ọ̀kan, a so ó pinpin. Mo bi í pé, “Bàbá, ẹ̀ ń sin tanwíjí náà ni?” Ó ní, “Rárá, Mádàámù. Omi tí kò bá ní ìdérí ní Èkó yìí, ẹ̀fọn ni ó ni ín.” Ó bu irú ọ̀sìn rẹ̀ méjì fún mi lọ́fẹ̀ẹ́, ó sì fi bí a ti ń ṣe é hàn mí. Òun náà ni mo fẹ́ fi hàn yín.

Bí a ti ń ṣe é

Èkíní ni aràn inú ògì, Panagrellus redivivus. Kì í ṣe aràn inú ènìyàn o. Kò ju ìlà tín-ín-rín kan lọ, gígùn rẹ̀ kò sì ju mìlímítà 1 sí 2 lọ. Ẹ ro ògì kí ó ki, ẹ jẹ́ kí ó tutù pátápátá, ẹ dà á sínú abọ́ ike kí ó ga tó sẹ̀ǹtímítà 2. Ẹ wọ́n ìwúkàrà ìwọ̀n ìka méjì sí i, ẹ fi ṣíbí kékeré kan nínú irú aràn náà lé e lórí. Ẹ lu ihò díẹ̀ sí ìdérí, ẹ fi aṣọ dí ihò náà kí eṣinṣin má baà wọlé. Láàrin ọjọ́ 5 sí 7, àwọn aràn yóò bẹ̀rẹ̀ sí gun ara abọ́. Ẹ fi ìka tàbí ìyẹ́ adìyẹ nù wọ́n, kí ẹ sì ṣàn wọ́n sínú omi ẹja. Bí ó bá tó ọ̀sẹ̀ 3 tàbí 4, òórùn rẹ̀ yóò kan. Ẹ ro ògì tuntun, kí ẹ mú irú láti inú ti àtijọ́. Abọ́ méjì ni kí ẹ máa ní, kí ọ̀kan má baà bàjẹ́ kí ẹ di ẹni tí kò ní irú mọ́. Òun ni mo fi lé iwájú, nítorí kò sí omi dídúró nínú rẹ̀, kò fẹ́ iná mọ̀nàmọ́ná, àyè rẹ̀ kò sì ju orí pákó kan lọ. Ẹni tí ó ń gbé yàrá kan ṣoṣo lè ṣe é.

Èkejì ni omi ọ̀gẹ̀dẹ̀, fún ọmọ àwọn ẹja tí ń yé ẹyin, tí ẹnu wọn kéré ju kí wọ́n gbé aràn mì lọ. Ẹ bu omi inú dígí ẹja sí ìgò, ẹ ju èèpo ọ̀gẹ̀dẹ̀ tí ó tó ìka méjì sí i, ẹ fi aṣọ bo ẹnu rẹ̀, ẹ gbé e sí ibi tí ìmọ́lẹ̀ wà. Omi náà yóò kọ́kọ́ dàrú, yóò sì rùn. Lẹ́yìn ọjọ́ mélòó kan yóò tún bẹ̀rẹ̀ sí là. Nígbà náà ni àwọn ẹ̀dá tí ojú lásán kò rí ti kún inú rẹ̀. Ṣíbí díẹ̀ ní ẹ̀ẹ̀mejì lójúmọ́ ti tó.

Ẹ̀kẹta ni Moina, kòkòrò omi tí ń fò sókè-sódò bí eégbọn. Àwọn tí ń sin ẹja àrọ̀ ní ilẹ̀ wa mọ̀ ọ́n. Bí omi ẹ̀rọ ni ẹ ń lò, ẹ jẹ́ kí ó dúró fún ọjọ́ kan kí kílórínì inú rẹ̀ lè fẹ́ lọ. Ẹ po ìwúkàrà bíńtín mọ́ omi, ẹ dà á sínú garawa títí yóò fi rí bí omi tí a fi fọ ìrẹsì. Ẹ má tún fi kún un títí yóò fi là. Moina tí a bí lónìí lè di ìyá ní ọjọ́ 4 tàbí 5, abo rẹ̀ sì lè bímọ láìrí akọ. Ẹ má ṣe kó ju ìdá kan nínú mẹ́rin lọ lẹ́ẹ̀kan. Ẹ so àwọ̀n mọ́ ẹnu garawa náà ní gbogbo ìgbà. Èyí kì í ṣe ọ̀rọ̀ àṣàyàn.

Àwọn kan yóò bi mí nípa ẹyin edé omi iyọ̀, Artemia, tí wọ́n ń kó wá láti adágún iyọ̀ ńlá tí ó wà ní Utah ní Amẹ́ríkà. Ó dára púpọ̀, ó sì ń pa láàrin wákàtí 24 sí 36. Ṣùgbọ́n owó òkèèrè ni a fi ń rà á, ẹ̀rọ tí ń fẹ́ atẹ́gùn sínú omi rẹ̀ sì ń fẹ́ iná. Bí iná bá lọ ní òru, iṣẹ́ ti bàjẹ́. Ní ti tanwíjí, mo ti fi í sílẹ̀. Ẹni tí ó bá ní ọmọ kékeré ní ilé, tàbí tí ó bá ń bá ènìyàn gbé, kí ó má ṣe sìn ín.

Ó ti di oṣù kẹfà báyìí tí a ti ń lo ògì. Gọ́pì ọmọ mi ti lé ní 40, òun fúnra rẹ̀ ni ó sì ń nu aràn lára abọ́ kí ó tó lọ sí ilé ìwé. Ní òjò àkọ́rọ̀, Ìyá àgbà tún pè mí. Dúrọ́ọ̀mù tí ó fi ń gbe omi òjò tí wọ́n fi ń fọ aṣọ ni ó fi hàn mí. Tanwíjí ti kún un. Ó ní, “Ọmọ mi, ṣé ẹja rẹ lè wá jẹ tèmi?” Mo gbé akọ mẹ́rin sínú rẹ̀, kí wọ́n má baà bímọ kún ibẹ̀, a sì fi àwọ̀n bò ó. Ní ọjọ́ kẹta, a kò rí tanwíjí kan ṣoṣo. Láti ìgbà náà, bí mo bá kí i ní òwúrọ̀, kí ó tó jẹ́ mi lóhùn, yóò kọ́kọ́ bèèrè àlàáfíà ẹja.

Ó di oṣù tí ń bọ̀.